Eré ọmọdé ti di iṣẹ́: Ohun tó yẹ kí òbí ní Kúta mọ̀ nípa ọmọ tó fẹ́ kọ́ dìsáìnì

Bí ọmọ bá jókòó ti bàbá rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Kúta, tó ní iṣẹ́ dókítà lòun fẹ́ kọ́, inú bàbá á dùn. Bó bá ní iṣẹ́ lọ́yà ni, àwọn ará ilé á ti máa pè é ní lọ́yà kó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá ní dìsáìnì lòun fẹ́ kọ́, àti pé eré ọmọdé lòun fẹ́ máa fi ẹ̀kọ́ náà ṣe, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu bàbá kò ṣòro láti mọ̀: ṣé eré náà ló tún fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì? Ṣé èyí tó ti ń ṣe nílé láti kékeré kò tíì tó o ni?

Ìbéèrè bàbá kò burú. Owó tí wọ́n fi ń rán ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́ ní Kúta, ní Ilé-Ògbó, ní Olúpọ̀nnà àti ní gbogbo agbègbè Ìwó kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run. Inú kòkó ló ti ń wá, inú ẹ̀gẹ́, inú epo pupa, inú ọjà tí ìyá ń gbé lórí. Ẹni tó bá fẹ́ ná irú owó bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tó máa ti ibẹ̀ jáde. Àmọ́ ìbéèrè náà ní èsì, èsì ọ̀hún sì lè ya ọ̀pọ̀ àgbà lẹ́nu. Eré ọmọdé jẹ́ ọjà ńlá láyé òde òní, àwọn kan nílẹ̀ Áfíríkà ti bá a débi gíga, ohun tí a sì fi ń ṣe é pọ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà Yorùbá ju bí àwọn fúnra wọn ṣe rò lọ. Ohun tó ń ya ẹni tó jèrè níbẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò jèrè ni ẹ̀kọ́: ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń ya nǹkan, bí a ṣe ń ṣe é, bí a ṣe ń dán an wò, àti bí a ṣe ń dáàbò bò ó.

Iṣẹ́ àwọn bàbá ni

Dìsáìnì ni kí èèyàn ro nǹkan lọ́kàn, kó yà á sórí ìwé, kó wá ṣe é lọ́nà tó máa wúlò fún ẹni tó fẹ́ lò ó, tó sì máa dùn ún wò. Bí a bá wò ó báyìí, iṣẹ́ náà kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Kí bèbí oníke tó wọ ọjà wa ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń gbẹ́ ọmọlangidi fún àwọn ọmọbìnrin, tí wọ́n á sì pọ̀n ọ́n bí ẹni pọn ọmọ tòótọ́. Ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà náà ni ọpọ́n ayò ti ń jáde. Àwọn ọmọkùnrin ń ta òkòtó, wọ́n ń ta àrìn. Nígbà tí agolo mílíìkì àti agolo sàdíìnì dé, ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ fi wọ́n ṣe mọ́tò. Ó gé sílípáàsì tó ti já láti fi ṣe táyà, ó so okùn mọ́ ọn, ó ń wọ́ ọ kiri àdúgbò. Ọmọ yẹn ti ṣe dìsáìnì láìmọ orúkọ rẹ̀. Ó wo ohun tó wà nílẹ̀, ó ro ohun tó fẹ́, ó gé e, ó tò ó, ibi tí kò bá sì yí dáadáa, ó tú u palẹ̀, ó tún un ṣe.

Ẹ wo ayò náà. Ihò 12 ló wà lójú ọpọ́n, 6 níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò 4 ló ń wọ ihò kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn jẹ́ 48. Ẹni tó bá kó ọmọ ihò kan, tó ń pín in lọ, tí ọmọ tó kẹ́yìn bá bọ́ sí ilé ẹnì kejì, tó sì sọ iye tó wà níbẹ̀ di 2 tàbí 3, ó jẹ ẹ́. Òfin rẹ̀ kò ju báyìí lọ púpọ̀. Ọmọ ọdún méje lè kọ́ ọ láàárọ̀ kó máa ta á lọ́sàn-án, síbẹ̀ bàbá arúgbó tó ti ń ta á láti ìgbà èwe rẹ̀ ṣì lè jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi ṣú. Òpè á máa fi ìka ka ọmọ inú ihò, ọ̀ta á kàn wò ó lójú lásán, á sì ti mọ ibi tí odù òun máa já sí. Ohun tí àwọn tó ń ṣe eré káàkiri ayé ń lé kiri nìyí: eré tó rọrùn láti kọ́, tí kò sì ṣeé mọ̀ tán.

Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà pàápàá ti fi òógùn wá ìdí rẹ̀. Ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal, tí wọ́n wà ní Yunifásítì Vrije ní ìlú Amsterdam, fi ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n so pọ̀ yẹ eré awari wò, èyí tí òun àti ayò jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Gbogbo bí ọmọ eré náà ṣe lè tò sójú ọpọ́n lé ní bílíọ̀nù 889. Èsì tí wọ́n rí ni pé bí ẹni méjì bá ń ta á tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ṣi í ta rárá, ọ̀mì ló máa já sí. Eré tí àwọn bàbá ń ta lábẹ́ igi lọ́sàn-án gangan ló gba kọ̀ǹpútà ńlá bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó rí ìdí rẹ̀.

Ẹni tó fi irú ayò pawó

Ṣùgbọ́n mímọ eré ta yàtọ̀ sí mímọ bí a ṣe ń sọ ọ́ di ọjà. Ní ọdún 1940, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ William Julius Champion gbé eré kan jáde, ó pè é ní Kalah. Ẹni tó bá mọ ayò, tó bá rí Kalah, yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ìdílé kan náà ni wọ́n. Ihò 6 wà níhìn-ín, 6 wà lọ́hùn-ún, kí a kó ọmọ, kí a máa pín in lọ. Champion fi ihò ńlá sí ìkángun ọpọ́n méjèèjì, ó yí òfin rẹ̀ padà díẹ̀, ó gba ìwé àṣẹ ìjọba lé e lórí ní àwọn ọdún 1950, nígbà tó sì di 1958, ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ tí yóò máa ṣe é tà.

Kò sí ẹni tó lè ní ó jí ayò gbé, nítorí pé irú eré báyìí kò mọ sọ́dọ̀ ẹ̀yà kan. Àwọn ará Gáná ń pe tiwọn ní oware, àwọn ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní bao. Ohun tó yẹ kí òbí fi sọ́kàn níbẹ̀ ni pé eré tó wà nílẹ̀ fún gbogbo ayé, ẹni tó jókòó tì í, tó tún un yà, tó kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀, tó dì í sínú páálí, òun ló rí owó nídìí rẹ̀.

Igi Takoradi tó kárí ayé

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń rò pé ohun ìṣeré tó kárí ayé kò lè ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà jáde, kó gbọ́ ìtàn Leslie Scott. Òyìnbó ni, àmọ́ ilẹ̀ Tanzania ni wọ́n bí i sí, Áfíríkà ló sì dàgbà sí, débi pé ó ń sọ èdè Swahili. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn ẹbí rẹ̀ ń gbé ní Gáná. Wọ́n ra pákó kéékèèké tí àwọn ọmọdé fi ń kọ́lé ṣeré ní ilé ìlagi kan ní Takoradi, àwọn ará ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ṣe eré kan láàárín ara wọn. Wọ́n á to pákó náà ga bí ilé, wọ́n á máa fa ọ̀kọ̀ọ̀kan yọ láti ìsàlẹ̀, wọ́n á tún un tò sókè, títí ilé náà á fi wó lé ẹnì kan lọ́wọ́.

Nígbà tí ọmọbìnrin yìí dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ṣàkíyèsí pé ibikíbi tóun bá gbé eré náà dé, àwọn èèyàn kì í fẹ́ dìde nídìí rẹ̀. Ó wá pinnu láti sọ ọ́ di ọjà. Ó sọ ọ́ ní Jenga, èyí tó túmọ̀ sí “kọ́ ọ” ní èdè Swahili. Pákó 54 ló wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1983 ló gbé e lọ sí ìpàtẹ ohun ìṣeré ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọjà kò yá níbẹ̀rẹ̀, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìgbà tó fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní Kánádà àti Amẹ́ríkà ní àṣẹ láti máa ṣe é tà ni Jenga tó gbilẹ̀. Lónìí, ó ti wọ ilé káàkiri ayé, nígbà tó sì di ọdún 2020, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ọlá àwọn ohun ìṣeré ní Amẹ́ríkà.

Kò sí iná mànàmáná nínú Jenga, kò sí bátìrì, kò sí kọ̀ǹpútà. Igi lásán ni. Irú igi bẹ́ẹ̀ kò wọ́n ní ilé ìlagi tó wà ní agbègbè Ìwó. Ohun tó sọ igi Takoradi di nǹkan ni ojú tí ẹnì kan fi wò ó, àti àìmọye ìgbà tó fi dán an wò kó tó gbé e lọ sọ́jà.

Àwọn tiwa náà ti ń ṣe é

Nílẹ̀ wa níhìn-ín, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà kò gbẹ́yìn. Abíọ́lá Ọláníran kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Láti ilé ẹ̀kọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kópa nínú ìdíje tí ilé iṣẹ́ Microsoft máa ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún 2012, ó dá ilé iṣẹ́ Gamsole sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣe géèmù orí fóònù. Ọ̀kan nínú wọn ni Gidi Run. Àìmọye mílíọ̀nù ìgbà ni àwọn èèyàn káàkiri ayé fa géèmù wọn sórí fóònù, pàápàá jù lọ àwọn tó ń lo fóònù Windows ti Microsoft.

Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà nínú ìtàn náà tí òǹtajà èyíkéyìí lè yé. Fóònù Windows kò pẹ́ lọ́jà. Ní ọdún 2017, Microsoft dáwọ́ dúró lórí ọ̀kan tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn, àwọn tó kù sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá pàtẹ sínú ọjà ẹlòmíràn, ọjọ́ tí ọlọ́jà bá ti ọjà rẹ̀ pa, dandan ni kó wá ibòmíràn lọ. Ìdí nìyí tí ọmọ tó bá fẹ́ iṣẹ́ yìí kò fi gbọ́dọ̀ gbójú lé oríṣi fóònù kan tàbí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo.

Ọdún 2012 yìí kan náà ni Hugo Obi bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ Maliyo ní Èkó, tí òun náà ń ṣe géèmù tó ní ìrísí àwọn èèyàn wa àti àdúgbò wa. Ilé iṣẹ́ yìí tún gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní GameUp Africa láti máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ náà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2012 ni Nimi Akinkugbe àti ilé iṣẹ́ rẹ̀, Bestman Games, gbé Monopoly ti ìlú Èkó jáde, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fi ìlú kan nílẹ̀ Áfíríkà ṣe ọpọ́n eré náà. Ní Àbújá, Kenechukwu Ogbuagu dá NIBCARD sílẹ̀, ó ń ṣe eré orí ọpọ́n àti ti káàdì, ó sì ń pe àwọn tó fẹ́ràn irú eré bẹ́ẹ̀ jọ síbi ìpàdé tí wọ́n ń pè ní AB Con.

Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ

Ọmọ Kúta tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí kò ní láti kọjá òkun kó tó bẹ̀rẹ̀. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, ìyẹn FUTA, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ dìsáìnì ohun èlò. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ládòkè Akíntọ́lá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Yaba College of Technology ní Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1947, ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà àti ìtẹ̀wé tipẹ́. Ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboniṣe, ọdún méjì ni ọmọ fi ń gba ìwé ẹ̀rí ND, á lọ ṣiṣẹ́ níta fún ọdún kan, á wá padà wá fi ọdún méjì gba HND.

Nílẹ̀ òkèèrè, àwọn kan ti sọ ohun ìṣeré nìkan di odindi ẹ̀kọ́. Ilé ẹ̀kọ́ FIT ní New York bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 1989. Ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, ilé ẹ̀kọ́ dìsáìnì ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Ahmedabad ní 1961 ń kọ́ àwọn tó ti gboyè àkọ́kọ́ ní dìsáìnì ohun ìṣeré àti eré. Íńdíà yìí náà ni lúdò ti ṣẹ̀ wá, láti ara eré ilẹ̀ wọn tó ń jẹ́ pachisi. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti tún un ṣe, tí wọ́n gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní 1896, kó tó wá kárí gbogbo abẹ́ igi àti iwájú ilé nílẹ̀ Yorùbá.

Òbí tún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kì í ṣe àwòrán yíyà nìkan ni iṣẹ́ yìí. Ìṣirò wà nínú rẹ̀ dáadáa. Bí ọmọdé bá da dáìsì méjì, ọ̀nà 36 ni wọ́n lè gbà já. Ọ̀nà 6 ni wọ́n lè gbà pé 7, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan péré ni wọ́n lè gbà pé 12. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò fi èrè tó tóbi jù síbi tí kò tọ́, eré rẹ̀ á sì sú àwọn ọmọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nítorí náà, ọmọ tó bá ń wo ọ̀nà yìí ní sẹ́kọ́ńdìrì kò gbọ́dọ̀ sá fún ìṣirò, kó má sì jẹ́ kí wọ́n yọ òun kúrò ní kíláàsì iṣẹ́ ọnà àti ti yíya àwòrán ilé àti ẹ̀rọ.

Èyí tó máa fi ọkàn òbí balẹ̀ jù ni pé ẹ̀kọ́ dìsáìnì kì í so ọmọ mọ́lẹ̀ sójú kan. Ọwọ́ tó mọ bí a ti ń ya ọpọ́n eré náà ló ń ya páálí ọṣẹ, ara ìwé àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pátákó ìpolówó àti káàdì ìgbéyàwó. Bí ọjà eré bá ṣì ń ra, iṣẹ́ mìíràn á máa gbọ́ bùkátà.

Ẹ̀mí ọmọdé wà nínú ọ̀rọ̀ yìí

Ìdí mìíràn wà tí iṣẹ́ yìí kò fi yẹ fún ẹni tí kò kọ́ ọ. Gbogbo ohun tí ọmọ kékeré bá mú lọ́wọ́, ẹnu ló ń gbé e lọ. Ohun tó bá kéré, irú bí ọmọ ayò, ojú tí bèbí ń fi ríran tàbí bátìrì roboto, lè há ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta lọ́fun. Nílẹ̀ òkèèrè, ike kan wà tí wọ́n fi ń wọn ohun ìṣeré àwọn ọmọ yìí. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Ohun tó bá lè wọ inú rẹ̀ tán, wọn kì í jẹ́ kó dé ọwọ́ wọn.

Ọ̀dà náà ń kọ́? Òjé wà nínú àwọn ọ̀dà kan, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Àwọn òǹkàwé kò tíì gbàgbé ohun tí òjé ṣe ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọmọdé kú ní àwọn abúlé tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta láti wá góòlù. Ti ohun ìṣeré náà sì ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọdún 2007, ilé iṣẹ́ Mattel ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan nínú àwọn tó tóbi jù lágbàáyé, pe ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ohun ìṣeré padà láti ọwọ́ àwọn oníbàárà. Òjé wà nínú ọ̀dà àwọn kan, àwọn mìíràn sì ní òòfà kékeré tí ọmọdé lè gbé mì. Akẹ́kọ̀ọ́ dìsáìnì ń kọ́ igi tó yẹ, ọ̀dà tó yẹ, bí etí pákó ṣe gbọ́dọ̀ dán kó má gún ọmọ lọ́wọ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà wa tó ń ha ọmọlangidi títí tí yóò fi dán mọ ìdí tóun fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ta ló ni eré?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ọgbọ́n eré ni kò jẹun nídìí rẹ̀. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Elizabeth Magie, gba ìwé àṣẹ lórí eré kan ní ọdún 1904, tó fi ń kọ́ àwọn èèyàn nípa ìyà tí àwọn onílẹ̀ fi ń jẹ ayálégbé. Àwọn èèyàn ń ta á, wọ́n ń tún un ṣe látọwọ́ dé ọwọ́, títí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Charles Darrow fi gbé èyí tó rí tà fún ilé iṣẹ́ Parker Brothers lábẹ́ orúkọ Monopoly ní 1935. Darrow di olówó ńlá. Dọ́là 500 ni wọ́n fún Magie láti fi ra ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà, òfin wà tó lè gbèjà ọmọ tó bá ṣe eré. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti ọdún 2022 ń dáàbò bo àwòrán tó yà àti ọ̀rọ̀ tó kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dáàbò bo èrò tó wà lọ́kàn nìkan. Ìrísí ohun ìṣeré fúnra rẹ̀ ṣeé forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Àbújá lábẹ́ òfin ti ọdún 1970. Ọdún márùn-ún ni ààbò náà ń kọ́kọ́ wà, a sì lè sọ ọ́ dọ̀tun lẹ́ẹ̀mejì, kó fi di ọdún 15. Ọmọ tó bá ń gbé eré rẹ̀ han gbogbo ayé lórí fóònù kó tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ dà bí ẹni tó kó iṣu sí ẹ̀bá ọ̀nà, tó sì lọ sùn.

Ohun tí àgbà lè ṣe

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn àgbà Kúta gan-an nìyí. Olùkọ́ yunifásítì lè kọ́ ọmọ ní bí a ti ń lo kọ̀ǹpútà àti bí a ti ń ya àwòrán, àmọ́ eré tí ọmọ náà máa fi yàtọ̀ sí ti àwọn ará China àti Amẹ́ríkà, ọwọ́ àwọn àgbà ló wà. Mélòó nínú àwọn ọmọ tó ń tẹ fóònù lónìí ló mọ bí wọ́n ti ń ta àrìn? Mélòó ló mọ ẹkùn mẹ́ran, tó mọ bí àwọn ọmọ ṣe ń di ọwọ́ ara wọn mú yí ewúrẹ́ ká kí ẹkùn má lè wọlé? Bí àwọn tó mọ̀ ọ́n bá lọ, tí wọn kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ á ti rí i kọ́.

Kúta tún ní tirẹ̀ tó yàtọ̀. Ìlú àwọn ará Òwu ni, ìtàn Anlugbua sì ń bẹ níbẹ̀, akọni tí wọ́n ní ó wọlẹ̀, tó ṣèlérí pé bí ogun bá dé, kí àwọn ènìyàn òun pe òun, òun á dìde. Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan ti fi akọni náà sínú eré orí ìtàgé rẹ̀, Women of Owu, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2004. Bí òǹkọ̀wé bá lè fi ìtàn náà ṣe eré fún àwọn àgbà, kò sí ohun tó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ dìsáìnì má lè fi ṣe eré ọpọ́n fún àwọn ọmọ, kí wọ́n máa kọ́ ìtàn ìlú wọn níbi tí wọ́n ti ń da dáìsì. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa sọ ìtàn náà fún un bó ṣe tọ́, tó sì máa sọ èyí tó yẹ fún etí ọmọdé àti èyí tí kò yẹ, àgbà ni.

Nítorí náà, kí bàbá tàbí ìyá má kàn gbà, kí wọ́n má sì kàn kọ̀. Kí wọ́n bi ọmọ náà ní ìbéèrè mélòó kan. Èwo lo ti ṣe rí? Ọmọ tó fẹ́ iṣẹ́ yìí lóòótọ́ á ti fi páálí, ìdérí ìgò àti ọmọ àgbàdo ṣe eré kan kó tó béèrè owó ilé ẹ̀kọ́. Àwọn wo ló ti ta á? Bó bá jẹ́ àbúrò rẹ̀ nìkan ni, kó gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò nígbà ìsinmi ọ̀sán, kí olùkọ́ gbà á láyè, kó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan láìsọ̀rọ̀. Ọmọdé kì í fi ojú sájú. Bí eré kò bá dùn, wọ́n á dìde, wọ́n á lọ gbá bọ́ọ̀lù. Kí lo yí padà lẹ́yìn tí wọ́n dìde? Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù, nítorí ọmọ tí kò lè gba àbùkù iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò lè ṣe dìsáìnì.

Bí èsì bá dára, kí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà kó mọ igi. Kí bàbá àgbà ta ayò kan pẹ̀lú rẹ̀, kó ṣàlàyé ìdí tóun fi kó ihò yìí tóun fi ìyẹn sílẹ̀. Bí ọmọ náà bá ní ìwé àti báírò lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má bínú sí i pé ó ń kọ ọ̀rọ̀ àgbà sílẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí wọ́n bá fi ṣe eré ọmọdé náà, á dùn, á sì lè gbọ́ bùkátà ilé.